Ohun Tí Yunifásítì Ń Náni ní Àkóbọ̀

Nínú ìwé ìjọba, ọ̀fẹ́ ni ìkọ́ni ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Ní 1977 ni ìjọba ológun ìgbà náà pàṣẹ pé kí wọ́n má gba owó ìkọ́ni lọ́wọ́ ẹni tó ń kàwé gboyè àkọ́kọ́ mọ́, títí di òní ni ìjọba sì ń fẹnu sọ pé àṣẹ náà ṣì dúró. Síbẹ̀, ní sáà 2023/2024, owó tí Yunifásítì Ìbàdàn (UI) ní kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé san lé ní ₦200,000 ní àwọn ẹ̀ka tó rọjú jù, ó sì kọjá ₦400,000 fún ọmọ tó fẹ́ di dókítà. Wọn ò kọ owó ìkọ́ni síbẹ̀ o. Owó ìforúkọsílẹ̀ ni, owó ìdánwò, owó ilé ìkàwé, owó ìlera, owó iná, owó ẹ̀rọ ayélujára. Alápatà ní òun ò gbowó ẹran, ó wá ń gbowó eegun, owó awọ àti owó ìfun. Ẹni tó rà á ṣáà mọ iye tó jáde lápò òun.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tètè yé àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba, tí wọ́n kọ́lé sí Kọ́lápọ̀ Ìṣọ̀lá Estate àti àyíká rẹ̀ ní Àkóbọ̀, Ìbàdàn. Yunifásítì tí àwọn mọ̀ ni èyí tó ń fún ọmọ ní bẹ́ẹ̀dì, tó tún ń bọ́ ọ. Ní 1978, nígbà tí ìjọba gbé owó oúnjẹ òòjọ́ láti ₦1.50 lọ sí ₦2, akẹ́kọ̀ọ́ tú síta káàkiri Nàìjíríà, wọ́n ń pariwo "Ali Must Go", torí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali ni kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà. Wọ́n yìnbọn, akẹ́kọ̀ọ́ kú. Nítorí àádọ́ta kọ́bọ̀! Nígbà tó di 1984, ìjọba yọwọ́ pátápátá nínú oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́. Bàbá tó jẹ ìrẹsì àti adìyẹ ní Mellanby Hall ní UI ní 1975, tó wá ń bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kí ló ń fowó ṣe, kò mọ̀ pé ilé-ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé géètì kan náà ni wọ́n gbà wọlé.

Èrò tèmi ni pé ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí já jẹ ṣì lè parí yunifásítì ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mo ti rí wọn, wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni wọ́n kọ́kọ́ kó jọ. Ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ kó jọ, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí ìwé kọ̀ọ̀kan ń wúlò. Owó ìrànwọ́ wà lóòótọ́, àmọ́ olúkúlùkù ní àsìkò tirẹ̀, ẹni tí àsìkò bá sì ré kọjá lórí rẹ̀ ni yóò fi owó ara rẹ̀ san ohun tí ẹlòmíì gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlú tí ọmọ ti wá. Ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú ni wọ́n ka ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Àkóbọ̀ sí, Ìyànà Ọ̀fà sì ni ọ́fíìsì wọn wà. Ṣùgbọ́n ta ni ń gbé Àkóbọ̀? Ìjẹ̀ṣà wà níbẹ̀, Èkìtì wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀fà, Ìgbò, àwọn tó ra ilẹ̀ nígbà tí Ojúrin níbẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò mọ ìlú mìíràn, èdè Ìbàdàn ló wà lẹ́nu wọn. Lójú ilé-ìwé, ìyẹn kò kan nǹkan kan. Ibi tí baba ẹni ti wá ni ìlú ẹni, ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ baba náà fọwọ́ sí ni wọn yóò sì béèrè.

Ibi tí èyí ti ń dun àpò ni LAUTECH, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1990 tí wọ́n dá a sílẹ̀, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ṣì jẹ́ ìpínlẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n gé Ọ̀ṣun kúrò ní August 1991, ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ ń ṣe baba ilé-ìwé náà, wọ́n sì jọ ń jà lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń jókòó sílé tí owó oṣù olùkọ́ ò wọlé. Ní November 2020 ni Ọ̀yọ́ di onílé kan ṣoṣo. Iye tí ọmọ Ọ̀yọ́ ń san níbẹ̀ dín sí ti àlejò. Nítorí náà, ọmọ tí baba rẹ̀ wá láti Iléṣà, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ General Gas ní Àkóbọ̀ ni wọ́n ti gbé e jó, àlejò ni ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ó bá ń wá owó onílé, UNIOSUN, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ló kàn án, kó sì gba Òṣogbo lọ.

Ní UI, kò sí owó onílé, kò sí owó àlejò. Iye kan náà ni gbogbo ọmọ Nàìjíríà ń san. Ibi tí ìpínlẹ̀ ẹni ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni àyè ìgbàwọlé. Nínú ọgọ́rùn-ún àyè ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, òfin ní kí 45 jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù lọ, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ìwé ká, 20 tó kù fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ ò tíì rinlẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ àti ọmọ Ọ̀ṣun jọ wà nínú 35 yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn òbí tí kì í ṣe ọmọ Ọ̀yọ́ ní Àkóbọ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo UI kí wọ́n tó wo ibòmíràn. Kí ọmọ náà sì fi í ṣe àṣàyàn àkọ́kọ́ nínú ìdánwò ìgbàwọlé JAMB, torí UI kì í gba ẹni tó bá fi í ṣe àṣàyàn kejì, kì í sì í wo ẹni tí máàkì rẹ̀ kò tó 200. Fọ́ọ̀mù JAMB ní 2025 jẹ́ ₦7,200 láìsí ti ìdánwò ìgbáradì. Ẹni tó bá rà á lẹ́ẹ̀mẹta nítorí pé ó ń yan ibi tí kò yẹ kó yàn, owó yunifásítì ló ti ń ná yẹn, kò tíì rí ọgbà.

Kí òbí má sì jẹ́ kí orúkọ "ilé-ìwé ìjọba" tan òun. Tech-U tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣí sí Ìbàdàn ní 2017, tí wọ́n ti wá fi orúkọ olóògbé Abíọ́lá Ajímọ̀bi pè báyìí, owó rẹ̀ ti ga ju ti LAUTECH lọ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ó dára, ọmọ ti rí UI wọ̀. Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ fún ọmọ Àkóbọ̀ ni pé, "Ìwọ ti bọ́, ilé ni wàá ti máa lọ." Mo rò pé ibi tí ìṣirò ti ń daríkodò gan-an nìyí. Láti Ojúrin dé géètì UI kò jìnnà lójú àwòrán ilẹ̀: General Gas, Bàṣọ̀run, Àṣí, Bódìjà, UI. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan kì í gbéni débẹ̀ tán. Takisí Micra kan á já ọ síbì kan, wàá wọ òmíràn, bí òjò bá sì rọ̀, awakọ̀ á fowó lé e. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 29, 2023, owó ọkọ̀ kì í dúró lójú kan mọ́. Ká kàn fi ₦1,500 ṣe owó àlọ àti àbọ̀ òòjọ́. Ọjọ́ márùn-ún jẹ́ ₦7,500. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá jẹ́ ₦97,500. Sẹ̀mẹ́sítà méjì jẹ́ ₦195,000. Owó ilé-ìwé kejì nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni kò fún ọ ní rìsíìtì rẹ̀.

Kì í ṣe pé kí ọmọ má gbé ilé o. Àmọ́ gbígbé ilé ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ ọ̀rọ̀ àwùjọ tí kíláàsì rẹ̀ kó sí ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ lè máa ti ilé lọ. Ọmọ tó ń ṣe sáyẹ́ǹsì, tí iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ń gbé e dé agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tó tún máa dúró sí Bódìjà lẹ́yìn ìyẹn kó máa bá èrò du Micra, ilé ò rọ̀ ọ́ lọ́rùn: á délé agogo mẹ́jọ, NEPA á ti mú iná lọ, oorun á sì gbé e. Ìwé tí kò kà nìyẹn, owó rẹ̀ á sì jáde níbòmíràn, bí a ó ṣe rí i láìpẹ́. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀dì nínú họ́ọ̀lù ni kí òbí lépa, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ìforúkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lórí ayélujára ni kó sì ti jókòó tì í, torí àwọn bẹ́ẹ̀dì náà kò tó akẹ́kọ̀ọ́. Bí kò bá rí i, àwọn kan á máa sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, àwọn èwe ń pè é ní "sukọ́ọ̀tì". Ilé-ìwé kò fẹ́ràn rẹ̀, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ̀ pé ó wà.

Àgbowó, àdúgbò tó kojú sí géètì UI, ni ibi tí owó ti ń pòórá. Owó ilé ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, owó ejẹ́ǹtì, owó àgíríméǹtì, owó omi. Ẹni mẹ́ta lè pín yàrá kan, ìyẹn á sì rọjú díẹ̀. Ohun tí mi ò gbàgbé ni ọdún 2022. ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, dá iṣẹ́ dúró ní February 14, wọn ò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di October 14. Oṣù mẹ́jọ. Àwọn onílé Àgbowó kò bá wọn dá iṣẹ́ dúró. Owó yàrá tí kò sẹ́ni tó sùn sí ń rìn lọ, ọdún ọmọ ń lé sí i, èyí tó yẹ kó parí lọ́dún mẹ́rin di ọdún márùn-ún. Ẹni tó ń ti Àkóbọ̀ lọ kò pàdánù owó ilé ní tirẹ̀, ibi kan ṣoṣo tí mo ti gbà pátápátá pé ilé baba ẹni ló borí nìyẹn.

Ní ti oúnjẹ, àwọn ọmọ ilé-ìwé ti sọ ebi di ìṣirò. "0-0-1" ni pé kò jẹ láàárọ̀, kò jẹ lọ́sàn-án, alẹ́ nìkan ló jẹ. "1-0-1" ti di ẹni tó rí ṣe. Gàrí Ìjẹ̀bú àti ẹ̀pà ló gbé ọ̀pọ̀ dókítà àti lọ́yà jáde nílẹ̀ yìí, mi ò sì ní bú gàrí. Ṣùgbọ́n fífi ebi para ẹni kì í ṣe ìṣúná owó. Ohun tó ń dín owó kù lóòótọ́ ni kí ọmọ má máa ra oúnjẹ sísè jẹ. Ìyá tó lọ sí ọjà Bódìjà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tó ra ìrẹsì àti ẹ̀wà ní kóńgò, tó ra ata, tó lọ̀ ọ́, tó dín in dáadáa kó má baà kan, tó dì í sínú ike fún ọmọ tàbí fún àwọn mẹ́ta tó ń gbé yàrá kan, owó tó ń ná kò tó ìlàjì ti ọmọ tó ń lọ sí búkà lójoojúmọ́. Kí wọ́n jọ máa dáná ni. Ìkòkò kan, síńdà gáàsì kan, ẹni mẹ́ta. Ìjà á wà lórí ẹni tó yẹ kó fọ àwo, ṣùgbọ́n owó á kù.

Ní ti ìwé kíkà, ìwé tó wà ní Kenneth Dike Library, ilé ìkàwé UI, kò tún ní kí ẹnikẹ́ni sanwó mìíràn kó tó kà á. Ẹ wo àwọn tó wà lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n ń ta ìwé wọn tàbí kí wọ́n fún èèyàn lásán. Dátà òru pọ́ọ́kú ju ti ọ̀sán lọ. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, àwọn ọmọ fúnra wọn mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Iṣẹ́ àfikún ni kí á dúró lé lórí díẹ̀. Kò sí adúgbò ní Ìbàdàn tí olùkọ́ lẹ́sìn ilé kò ti níṣẹ́. Láti Bódìjà títí dé Àkóbọ̀, òbí ń wá ẹni tí yóò kọ́ ọmọ wọn ní Máàtì. Àwọn ọmọbìnrin ń dirun, àwọn ọkùnrin ń gẹ irun, àwọn kan ń ran aṣọ, àwọn kan ń tẹ iṣẹ́ fún èèyàn lórí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tó bá ní wákàtí tí a lè ká mọ́, bíi lẹ́sìn lọ́jọ́ Sátidé, mo fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ POS tó ń mú ọmọ jókòó sábẹ́ àǹbùrẹ́là láti àárọ̀ di alẹ́, tí yóò sì máa pa kíláàsì jẹ, òun ni mo ń sọ pé owó rẹ̀ á jáde níbòmíràn. Ibẹ̀ la dé yìí.

Ọ̀pọ̀ sikọ́láṣíìpù tó wà nílẹ̀ yìí kò wo ẹni tó tálákà jù. GP, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì ọmọ, ló ń wò, ó sì ń wo ọdún tí ọmọ wà. Ti NLNG máa ń wá ọmọ ọdún kìíní. Ti NNPC pẹ̀lú SNEPCo, ọmọ ọdún kejì ló ń gbà. Ti MTN Foundation fún sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọmọ ọdún kẹta tó wà ní ilé-ìwé ìjọba ni, tí GP rẹ̀ kò sì dín ní 3.5, wọ́n tún ní ti àwọn afọ́jú lọ́tọ̀, ẹ̀kọ́ yòówù kí wọ́n máa kọ́. Ti Agbami, tó ti wà láti 2009, àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ń wá. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìgbìmọ̀ sikọ́láṣíìpù tirẹ̀. Ní October 2021, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba yóò máa gba ₦75,000 ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan. Ìkéde ìjọba àti owó ìjọba kì í jọ rìn pọ̀, àmọ́ ẹni tó bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà yẹ kó mọ̀ pé ìkéde náà wà.

Ẹ wo ìlà àwọn ọdún yẹn. Ẹni tó bá fi ọdún kìíní ṣeré, tó ní òun ń wo àyíká ná, tó fi 2.5 kúrò níbẹ̀, yóò ní láti mú 4.5 lọ́dún kejì kí àpapọ̀ rẹ̀ tó di 3.5, bí iye yúníìtì ọdún méjèèjì bá dọ́gba. Mélòó ló lè mú 4.5? Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4.0 kò ní láti sáré bẹ́ẹ̀. Torí náà, bí òbí bá ní owó díẹ̀, tí kò mọ ọdún tí yóò ná an lé lórí, ọdún kìíní ni. Kó sanwó bẹ́ẹ̀dì lọ́dún kìíní, kó má jẹ́ kí ọmọ ṣiṣẹ́ lọ́dún kìíní, kó bọ́ ọ dáadáa lọ́dún kìíní. Bí GP bá ti dúró, ọmọ náà ló máa bọ́ ara rẹ̀ lọ́dún kẹta. Òdìkejì èyí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń ṣe: wọ́n á fi ọmọ há Micra lọ́dún kìíní kí wọ́n fi fowó pamọ́, wọ́n á wá máa wá owó kiri nígbà tó bá dé ọdún kẹta tí kò sí sikọ́láṣíìpù tó fẹ́ wò ó.

Lẹ́yìn GP, fáìlì ló kù. Ìwé ìgbàwọlé JAMB, èsì WAEC, ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, ìwé ọjọ́ ìbí, NIN, èsì ìdánwò sẹ̀mẹ́sítà tí ẹ̀ka fọwọ́ sí, fọ́tò pélébé, lẹ́tà olùkọ́ kan tó mọ ọmọ náà. Kí gbogbo rẹ̀ wà nínú fáìlì, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí fóònù. Ẹni tó bá ń sáré lọ sí Ìyànà Ọ̀fà fún ìwé-ẹ̀rí ní ọjọ́ mẹ́ta kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí, ọ̀gá tó yẹ kó fọwọ́ sí i ti lọ síbi ìpàdé nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kí ẹ san "owó fọ́ọ̀mù" kí ẹ tó gba sikọ́láṣíìpù, olè ni. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn owó kékeré tún wà tí kì í hàn lórí ayélujára: ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé girama ìyá tàbí baba, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì, owó sàká ní mọ́sálásí, àwọn àgbà kan tó ń ran ọmọ ẹ̀ka wọn lọ́wọ́ láìfẹ́ kí wọ́n dárúkọ wọn. Ìtìjú ni kì í jẹ́ ká rí wọn. A máa ń fẹ́ kí ará ṣọ́ọ̀ṣì rò pé a tó tán. Ìyá tó ń ṣòwò ní ọjà, tó ti ń dá owó sí kọpurétífù láti ìgbà tí ọmọ wà ní JSS1, lè yá ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́, èlé rẹ̀ kò sì ní gún un lára. Owó yẹn ló dára jù fún ìdáwọ́lé ọdún kìíní, torí kò sí ẹlòmíì tí yóò sáré mú owó wá ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ní kí ọmọ wá san owó ìgbàwọlé. Kí òbí tó ní ibo lòun á ti rí nǹkan fi pamọ́ tún rántí pé láti May 2019 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti fagi lé ₦3,000 tí wọ́n ń gbà ní ilé-ìwé girama ìjọba, ìjọba ló sì ń san owó WAEC fún àwọn ọmọ ibẹ̀. Àwọn kan ń san owó girama aládàáni lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún ní Àkóbọ̀, àpapọ̀ rẹ̀ á kọjá owó UI fíìfíì, ìgbà tí ọmọ bá wá wọ yunifásítì ni wọ́n á ní kò sówó.

Ó ku gbèsè. Kì í ṣe òní ni ìjọba ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ní 1972 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún un, ọ̀pọ̀ tó yá owó náà kò san án padà; ní 1993 wọ́n sọ ọ́ di báńkì ẹ̀kọ́, ìyẹn náà rọ̀ jọ̀jọ̀. Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun ní June 12, 2023, pẹ̀lú àdéhùn pé owó tó ń wọlé fún ìdílé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ lọ́dún, àti pé kó wá onídùúró. Kò sẹ́ni tó rí kọ́bọ̀ gbà nínú rẹ̀. Wọ́n tún òfin náà kọ, wọ́n yọ àwọn àdéhùn yẹn, ó jáde ní April 3, 2024. Ní May 24 ọdún yẹn ni NELFUND, àjọ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó lábẹ́ òfin náà, ṣílẹ̀kùn fún àwọn ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ sì tẹ̀ lé e lóṣù tó kàn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ilé-ìwé á kọ́kọ́ fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á wọ ojú òpó NELFUND pẹ̀lú nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà mátíríkì, NIN àti BVN. Owó ilé-ìwé kì í gba ọwọ́ ọmọ kọjá, ilé-ìwé ni wọ́n ń san án fún. ₦20,000 lóṣù fún gbígbọ́ bùkátà ló ń wọ àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀. Kò ní èlé. Ó sì gbọ́dọ̀ tún béèrè ní sáà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá rò pé ẹ̀ẹ̀kan péré tó á rí i pé sáà kejì kò wọlé. Àwọn tó ń lọ sí yunifásítì aládàáni kò sí níbẹ̀.

Orúkọ ló ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá dúró níbẹ̀. JAMB ní Olúwaṣeun, NIN ní Ṣeun, BVN ní Olúwáṣeun pẹ̀lú orúkọ baba tó ṣáájú. Ọjọ́ ìbí ní NIN yàtọ̀ sí ti JAMB, nítorí pé ẹni kan gé ọdún méjì kúrò nígbà tí ọmọ ń wọ JSS1. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹni kan náà ni wọ́n. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí lórí NIN ń gba owó, ó ń gba àkókò, ó ń gba ìwé ìbúra kóòtù. SS2 ni kí òbí ti yẹ ìwọ̀nyí wò, kí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu kí ọmọ tó fi ọwọ́ kan fọ́ọ̀mù JAMB. Kí ó sì tọ́jú rìsíìtì. Ní 2025, NELFUND fúnra rẹ̀ figbe ta pé àwọn ilé-ìwé kan gba owó lọ́wọ́ òun, wọ́n sì tún gbà á lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, wọn ò dá a padà. Ẹni tó ní rìsíìtì méjèèjì ló lè béèrè tirẹ̀.

Àwọn òbí tí mo bá sọ ọ́ máa ń mi orí. "Kí ọmọ mi jẹ gbèsè kó tó níṣẹ́? Ó tì o." Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù náà ti wá. Láyé àtijọ́, ẹni tó yá owó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ náà á máa ṣiṣẹ́ lóko olówó, iṣẹ́ náà ló dúró fún èlé, iye owó tí wọ́n yá kò sì dín rárá. Ọdún á gorí ọdún. Bí onígbèsè bá kú, gbèsè náà kò bá a wọ sàréè, ẹbí ni yóò gbé e. Ìdílé tí ìwọ̀fà ti kọjá nínú rẹ̀ kò lè fẹ́ràn ọ̀rọ̀ owó yíyá, bí wọ́n tilẹ̀ ti gbàgbé ìdí rẹ̀.

Ti NELFUND kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán ni sísan rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù ni ẹni tó gbà á síṣẹ́ yóò sì máa yọ. Bí owó oṣù bá jẹ́ ₦100,000, ₦10,000 ni. Gbogbo ohun tó bá yọ, orí owó tó yá ló ń dín. Bí kò bá ríṣẹ́, òfin gbà á láyè láti búra ní kóòtù pé òun kò níṣẹ́, òun kò sì ní owó tó ń wọlé, kí wọ́n sún sísan rẹ̀ síwájú. Bí ó bá kú, gbèsè náà parí síbẹ̀, wọn ò ní wá baba rẹ̀ wá sí Àkóbọ̀.